Wàláà Tí Mo Sọ Di Páàdì Máòsì

Pákó kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Kò tóbi. Bí mo bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lé e, díẹ̀ ni yóò kù níbi etí rẹ̀. Iwájú rẹ̀ jọ̀lọ̀, tíúbù kẹ̀kẹ́ sì ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà máa yọ̀ kiri. Páàdì máòsì ni, ohun tí wọ́n ń gbé máòsì kọ̀ǹpútà lé bí wọ́n bá ń ta géèmù. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é, ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́dún tí mo jáde ilé ìwé gírámà tí mo jókòó sílé tí mò ń retí yunifásítì. Àwọn tó ti rí i níbi iṣẹ́ ti béèrè pé níbo ni mo ti rà á, mo sì ti purọ́ fún wọn léraléra. Ká ní kò dára ni, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá ti tán lọ́kàn mi. Ó dára. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀ nìyẹn.

Nígbà yẹn, yàrá méjì là ń gbé nínú ilé kan tó wà lẹ́yìn títì Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lọ́tùn-ún ilé náà, òmíràn wà lósì, àwa Mùsùlùmí inú rẹ̀ sì máa ń gbọ́ ìwàásù méjì pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láìsan nǹkan kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Aṣọ ọkùnrin nìkan ló ń rán, ó sì ní ìwà kan: bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, kì í wò ó kó tó fi ọwọ́ pa á. Á di ojú, á fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ láti ìdí dé orí, lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé aṣọ yìí dára, tàbí pé wọ́n rẹ́ oníbàárà jẹ. Ìyá mi ń dirun lábẹ́ páànù kan níwájú ilé. Ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, bàbá mi kì í sọ̀rọ̀, wọ́n sì bára wọn mu. Èmi ni àkọ́bí wọn. Mo gbà nígbà náà pé mo gbọ́n ju àwọn méjèèjì lọ, torí pé mo mọ kọ̀ǹpútà, àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Ní Command, ìdúró ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìpájà, ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta géèmù wà. Ará Èkìtì kan tó ti ṣe tíṣà rí ló ni ín, ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló tò síbẹ̀, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀ kí ẹni mẹ́fà lè máa yìnbọn lu ara wọn nínú géèmù kan ṣoṣo. Ọ̀gá kórìíra ìdọ̀tí, ìdí nìyẹn tó fi fi gíláàsì bo gbogbo tábìlì rẹ̀, kó lè máa fi aṣọ tútù nù wọ́n bó ṣe máa ń nu bọ́ọ̀dù nílé ìwé. Gíláàsì yìí ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Iná pupa kékeré kan ló wà lábẹ́ máòsì, òun ni máòsì fi ń mọ ibi tí ọwọ́ èèyàn ń lọ. Bó bá dórí gíláàsì, iná yẹn á gba inú ẹ̀ kọjá, kò ní rí nǹkan dì mú, ìbọn inú géèmù á wá máa fò káàkiri bí eéṣú. Ọ̀gá ra páàdì aláṣọ fún wa, ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ àwọn èèyàn ti jẹ́ kó le níbì kan, kó sì rọ̀ níbòmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni kan máa ń ti Ìpájà wá, ó ń lọ sí pólì. Páàdì tirẹ̀ le bí àwo, ike dúdú kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Máòsì kì í fà lórí ẹ̀ rárá. Á ti yí padà, á ti rí mi, á ti yìnbọn, èmi á ṣì máa wọ́ máòsì tèmi lórí aṣọ bí ẹni ń lọ ata. Lẹ́yìn náà á rẹ́rìn-ín, á ní kí n pẹ̀lẹ́ jàre. N kì í ṣe ẹni tó ń gba irú ìyẹn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìgbà míràn wà tí inú á bí mi débi pé ẹsẹ̀ ni màá fi rìn láti Command dé Ẹ̀gbẹ́dá, kẹ̀kẹ́ márúwá á máa dúró fún mi, n kò ní dá wọn lóhùn. Nígbà tí ọ̀gá wá kéde pé ìdíje yóò wà lọ́jọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ìdajì àwa oníbàárà rẹ̀ kì í yọjú nínú ààwẹ̀, mo pinnu pé èmi náà gbọ́dọ̀ ní páàdì tó le. N kò lówó tí mo lè fi rà á. Mo ní màá ṣe é.

Fọ́míkà ni mo kọ́kọ́ dán wò. Káfíńtà kan wà nítòsí ilé wa, ọmọ Ìbàdàn, tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn ilé ìdáná. Ó fún mi ní àjákù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń dán jù. Iná máòsì ń tàn padà lára ẹ̀, ìbọn á dúró sójú kan á máa gbọ̀n. Mo fi sánpépà fá a, ó wá ní ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, máòsì ń dún lórí ẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Mo gbé táìlì kan lọ, ọ̀gá lé mi jáde pé mo fẹ́ fọ́ gíláàsì òun. Mo tiẹ̀ yọ ẹ́síréè àyà ìyá mi nínú àpòòwé rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí páálí. Máòsì ń yára lórí ẹ̀dọ̀fóró, ó ń kọsẹ̀ lórí egungun ìhà. Mo dá ẹ́síréè padà kó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wàhálà yẹn ti kọ́ mi ní ohun tí mò ń wá: nǹkan tó le, tó jọ̀lọ̀ ṣùgbọ́n tí kò dán, tí ọwọ́ ti pa fún ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mò ń wá ayùn lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi, ọwọ́ mi kan aṣọ funfun kan tí wọ́n fi wé nǹkan. Mo tú u. Wàláà ni.

Ẹni tó bá ti lọ sí ilé kéwú mọ wàláà, pákó pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́ lókè, tí ààfáà máa ń fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sí fún ọmọ kéwú. Ọmọ á máa kà á títí yóò fi há a sórí. Nígbà náà ni yóò lọ jókòó níwájú ààfáà, tí yóò kà á láìwò ó. Bí ó bá tẹ́ ààfáà lọ́rùn, ààfáà á ní kó lọ fọ wàláà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ọmọ kéwú ń retí. Lọ fọ̀ ọ́: o ti yege nìyẹn, ẹ̀kọ́ tuntun ti dé. Bí ààfáà kò bá sọ ọ́, o kò gbọdọ̀ fi omi kàn án. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe èyí ní ilé kéwú kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí n tó fi ìdánwò gírámà ṣe àwáwí tí n kò lọ mọ́.

Wàláà ti bàbá mi ti gbó. Igi rẹ̀ wúwo, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí oyin. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ tí wọ́n ti fi ewé ìpín ha á fún àìmọye ọdún, títí ó fi jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ìkọ̀wé kún iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, tàdáwà rẹ̀ sì ti ṣá, ó ti di àwọ̀ tíì. Mo ní máòsì kan tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́. Mo gbé e lé wàláà náà, mo tì í pẹ̀lú ìka kan. Ó lọ láìfà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti ń wo ọ̀gbẹ́ni Ìpájà lójú ìran, tó ń ṣubú.

Ọkàn mi ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Mo dá a lóhùn pé kí ni mo fẹ́ béèrè? Bàbá mi kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní kéwú. Àwa ọmọ ti lo wàláà tiwa tán. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kó mú eléyìí jáde rí. Ohun kan ṣoṣo tó bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó wà lára ẹ̀, n kò lè gbé máòsì lé ìyẹn. Ohun tí mo sì fi tan ara mi jẹ nìyí: mo rò pé tí mo bá ṣáà ti bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mo fọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ṣe àlùwàlá. Mo bu omi tó mọ́ sínú abọ́ tí a kì í fi ṣe nǹkan mìíràn. Wọ́n kọ́ wa pé omi wàláà kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà, ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà mo gbé e lọ sí ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ògiri, níbi tí èèyàn kì í gbà kọjá. Tàdáwà náà kò fẹ́ lọ. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló pẹ́ jù. Mo rí i pé ìlà yẹn wọ́, pé ọwọ́ tó kọ ọ́ gbọ̀n, mo sì rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọmọ kéwú kan ló fi kọ́ ìkọ̀wé. Mo fi èékánná ha á títí ó fi lọ. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Mo ní ọmọ tó mọ ẹ̀tọ́ ni mí.

Mo gbé e lọ bá káfíńtà kó bá mi gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì mú ayùn. Ó béèrè pé wàláà ta ni. Mo ní tèmi ni, tí mo fi kọ́ kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó tún wò ó, ó wo ojú mi, ó dájú pé wàláà náà dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ní tó bá jẹ́ tèmi, tí mo sì ti fọ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kúrò, igi lásán ló kù. Ó gé e. Ọwọ́ wàláà náà já bọ́ sínú fùlùfúlù igi, n kò sì mú un. Mo fi sánpépà tó kúná jù lọ pa iwájú rẹ̀, mo fi àbẹ́là ra á, mo fi àkísà nù ún lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, lẹ́yìn náà mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. N kò tíì fi sùúrù ṣe nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó ní Command, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ọwọ́ mi fúyẹ́. Ibi tí ojú mi bá wò ni ìbọn ń lọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn mi, ó fi ìka kan pákó náà, ó béèrè ibi tí mo ti rí i. Mo ní wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo lu gbogbo ẹni tó wá síbẹ̀, mo sì ń gbé páàdì náà lọ sílé nínú nàìlọ́ọ̀nù dúdú, mo ń tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ aṣọ mi.

Ohun kan wà tí n kò ronú kàn. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn kí ààwẹ̀ tó wọlé, bàbá mi máa ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, a ó sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. A mọ̀ pé ó ń ké kéwú ni. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló dé tó fi ń ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọdún yẹn, a kò gbọ́ ohùn kankan. Ó ṣí ilẹ̀kùn padà, aṣọ funfun tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi.

Ọwọ́ ìyá mi ló ti béèrè torí pé ìyá mi ló kó ẹrù yàrá jáde lóṣù tó kọjá láti fín oògùn aáyán, ó sì ti da páálí àtijọ́ àti àpótí tó ti ya nù. Ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Bàbá mi bi èmi náà. Mo ní n kò rí i. Ó yọ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé òun ti jẹun. Bàbá mi kò pariwo. Ó ní kí ìyá mi rántí dáadáa, pé tó bá jẹ́ pé ó ti dà á nù, kó sọ, kí òun má wulẹ̀ máa wá a mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó sórí àga, ó ń ká aṣọ funfun yẹn, ó ń tú u, ó ń ká a. Mo wò ó títí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni ìdíje, mo sì sọ fún ara mi pé tí mo bá ti dé láti Command, màá jẹ́wọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, bí mo ṣe ń jáde, mo rí ìyá mi níbi ààtàn tó wà ní ìgbẹ̀yìn àdúgbò. Ó wé gèlè mọ́ imú, ó mú igi kan lọ́wọ́, ó ń tú pàǹtí. Ó ti di oṣù kan tí wọ́n ti ń kó pàǹtí kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tó lè rí. Ó rí mi, ó ní kí n tètè dé, kí n wá bá òun wá a. Pákó náà wà nínú nàìlọ́ọ̀nù lábẹ́ apá mi. Mo ní ó dáa, Màámi, mo sì kọjá.

Mo gba ipò kìíní. Mo lu ọ̀gbẹ́ni Ìpájà ní yàrá tó gbẹ̀yìn nínú géèmù náà, kò tiẹ̀ rí ibi tí ìbọn ti wá. Wọ́n fún mi ní máòsì tuntun nínú páálí. Ìwà ìkà tó wà nínú ẹ̀ ni pé inú mi dùn. N kò ní purọ́ nípa ìyẹn. Fún bíi wákàtí kan, n kò rántí ìyá mi rárá.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú pálọ̀. Ó ń sunkún, ó ń sọ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló dà á nù, pé òun ò rántí, ṣùgbọ́n ta ni ì bá tún jẹ́, pé kí ó foríjin òun. Ó kúnlẹ̀ lórí ohun tí kò mọ̀ nípa ẹ̀. Bàbá mi ń ní kó dìde, pé ó ti tán. N kò lè sọ bí ara mi ṣe rí. Mo ṣáà mọ̀ pé mo yọ páàdì nínú nàìlọ́ọ̀nù, mo gbé e lé orí itan bàbá mi, èmi náà sì dọ̀bálẹ̀.

Kò wò ó. Ó di ojú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ láti ìdí dé orí bó ṣe máa ń ṣe sí aṣọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ dé ibi kókó igi kan tó wà létí, ó dúró síbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sókè níbi tí ọwọ́ wàláà yẹ kó wà, kò bá nǹkan kan.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Níbo lo da omi rẹ̀ sí?"

"Ìdí igi máńgòrò."

Ó mi orí, ó ní mo ṣe dáadáa níbi ìyẹn. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó gbá mi létí.

Ó ní kí n tẹ̀lé òun wọ yàrá. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ohùn tí kò gbóná tí kò tutù. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni ààfáà tó kọ́ ọ ní kéwú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí àìsàn dá bàbá náà dùbúlẹ̀. Lórí àìsàn yẹn, bàbá náà ní kí wọ́n gbé òun dìde, kí wọ́n fi òun ti ògiri, ó sì kọ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sí wàláà ọmọ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Nígbà tó fi dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ní kí ọmọ náà lọ há a, kó wá kà á fún òun. Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá mi fi há a. Nígbà tó padà wá, bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n fi ààfáà mìíràn rọ́pò, ìyẹn ní kó ka ẹ̀kọ́ náà fún òun, kó fọ wàláà rẹ̀. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n nà án, ó kọ̀. Ó fi aṣọ wé wàláà náà, òun ló sì gbé wá sí Èkó nígbà tó wá kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

Mo sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan níbẹ̀. Mo ní a lè rí ọ̀rọ̀ náà nínú Kùránì, pé mo lè bẹ ààfáà kan kó tún un kọ.

"Kùránì wà nílé," ni bàbá mi wí. "Ọwọ́ bàbá mi ni mo máa ń wò níbẹ̀. Kò tíì ní kí n lọ fọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn náà, ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ bí ọmọ kéwú, ó gbé pákó náà síwájú mi. Ó ní ó ti yẹ kí ẹnì kan gbọ́ ọ. Bàbá mi, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, jókòó nílẹ̀ níwájú èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Command dé, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ń yára níbi tó mọ̀ dunjú, ó ń rọra níbi tó le. Láàárín, ó dúró níbì kan, ó padà sẹ́yìn, ó tún un mú, ó ń bá a lọ. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fetí sílẹ̀ gan-an, n kò sì mọ ohun tí mò ń gbọ́. Mo ti gbàgbé. Ọdún mẹ́fà tí mo fi lọ sí ilé kéwú, mo ti jẹ́ kó ṣòfò. Bí ó bá fo ìlà mẹ́ta, n kò lè mọ̀.

Ó kà á tán, ó la ojú.

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, Bàbá."

Ó ṣì ń wò mí, bí ẹni pé gbólóhùn kan kù tó yẹ kí n sọ. Mo mọ gbólóhùn náà. N kò lè sọ ọ́, nítorí pé mo ti fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó ní kí n mú pákó mi, pé ó ti di tèmi.

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyà ńlá sì nìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bàbá mi kò yí padà sí mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ààwẹ̀ yẹn, ìdí igi máńgòrò ló máa ń gbé ẹní rẹ̀ lọ láti kírun Alásárì. N kò gbé máòsì lé pákó náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Máòsì tuntun tí mo jẹ, mo fi ta àbúrò mi lọ́rẹ.

Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, mo há súrà náà, orí Kùránì tí bàbá mi kà lọ́jọ́ yẹn, sórí. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, mò ń fetí sí i bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, títí tí mo fi lè kà á láìwò ó. Mo ti wá mọ ibi tí bàbá mi dúró tó padà sẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Gbólóhùn méjì ló jọra níbẹ̀, ó rọrùn kí èèyàn ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, kó fo ohun tó wà láàárín. N kò rántí bóyá ó fò ó.

Bàbá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi ọwọ́ mọ aṣọ. Nígbàkigbà tí mo bá ń lọ kí i, mo máa ń yọ pákó náà nínú dúrọ́ọ̀, mo ń gbé e dání nínú báàgì. Ohun tí mo fẹ́ ni kó tún un kà fún mi, kí n gbọ́ ọ dáadáa, kí n sì lè sọ gbólóhùn tó kù fún un kó tó pẹ́ jù. Mo ti gbé e lọ gbé e bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì tíì yọ ọ́ jáde nínú báàgì. Kí n tó lè ní kó tún un kà, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.